Ẹni Tó Ṣe Fúláàsìkì Tí Kò Gba Ìwé Rẹ̀

Ilé-ẹjọ́ gbà pé James Dewar ló ṣe ìgò náà. Lórí ìyẹn, kò sí àríyànjiyàn. Ohun tí wọ́n sọ tẹ̀ lé e ló dun ènìyàn: nítorí pé kò lọ fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ hàn lọ́dọ̀ ìjọba kí ó sì gba ìwé lé e lórí, òfin kò ní ohun tí yóò fi dá àwọn tó ń ṣe é tà dúró. Àwọn yẹn kúrò ní kóòtù, wọ́n padà sẹ́nu òwò wọn. Dewar náà padà sí yàrá ìwádìí rẹ̀ ní London. Ó kú lọ́dún 1923 láìjẹ èrè òwò ohun tó ti di ti gbogbo ayé, ohun tó wà lórí tábìlì ní àìmọye ilé Yorùbá títí dòní: fúláàsìkì omi gbígbóná.

Àwọn àgbà ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Nítorí àwọn tí orí wọn ń ṣiṣẹ́ láàárín wa ni mo ṣe ń kọ ìtàn yìí: wẹ́dà tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ẹ̀rọ tuntun ní ẹ̀yìnkùlé, obìnrin tó rí ọ̀nà tí gàrí fi ń tètè gbẹ, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń tú rédíò palẹ̀ nínú yàrá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kò lè mọ bí àdánù Dewar ti tó àfi tí ẹ bá kọ́kọ́ mọ ohun tó ṣe, kò sì sí bí a ṣe lè mọ ohun tó ṣe láìmọ bí ooru ṣe ń rìn.

Kincardine, ìlú kékeré kan ní Scotland, ni wọ́n bí i sí ní 1842. Nígbà tó di ọmọ ọdún mẹ́wàá, yìnyín tó bo ojú omi kan là mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, ó jìn sínú omi tútù náà, àìsàn tó tẹ̀ lé e sì sọ ọ́ di aláìlera fún ìgbà pípẹ́. Kò lè bá ẹgbẹ́ rẹ̀ sáré mọ́. Ọ̀dọ̀ káfíńtà abúlé ló ti wá ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe gòjé òyìnbó, èyí tí wọ́n ń pè ní faolíìnì, ó ń gé pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó ń lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Lẹ́yìn tó ti di ògbóǹtarìgì onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, ó máa ń sọ pé níbi gòjé yẹn ni ọwọ́ òun ti mọ iṣẹ́. Mo fẹ́ràn apá yìí nínú ìtàn rẹ̀. Ìwé nìkan kọ́ ló gbé e dé ibi tó dé, ọwọ́ tó mọ nǹkan í ṣe wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ní 1877, Dewar di ọ̀jọ̀gbọ́n kẹ́místírì ní Royal Institution ní London. Ọdún náà gan-an ni Cailletet ní Faransé àti Pictet ní Switzerland sọ ọ́síjìn, atẹ́gùn tí gbogbo wa ń mí sínú, di ohun olómi fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Ní 1883, Wróblewski àti Olszewski ní Kraków, nílẹ̀ Poland, rí i gbà tó ohun tí ojú lè rí dáadáa nínú ìgò. Dewar wọ inú ìdíje náà pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀. Ìṣòro tó dojú kọ ọ́ ni pé ọ́síjìn olómi máa ń hó ní −183 °C, ìyẹn ìwọ̀n 183 nísàlẹ̀ ibi tí omi ti ń di yìnyín. Yàrá tó wà ní 20 °C fi ìwọ̀n tó lé ní 200 gbóná jù ú lọ. Lójú ọ́síjìn yìí, yàrá tútù ní London ti di ààrò. Bí ó bá ti dà á sínú ìgò, ó ti ń hó, kò pẹ́ kò jìnnà, ó ti fẹ́ lọ. Báwo ni ènìyàn ṣe fẹ́ ṣe ìwádìí lórí ohun tí kò dúró?

Ooru kì í dúró sójú kan. Ibi tó gbóná ló ti ń lọ síbi tó tutù, kò sì ní sinmi títí ìgbóná ibi méjèèjì yóò fi dọ́gba. Ọ̀nà mẹ́ta ló ń gbà rìn. Ó máa ń gba inú ohun líle kọjá: ẹ ki ṣíbí irin bọ inú ẹ̀kọ gbígbóná, kò ní pẹ́ tí ìdí rẹ̀ tí ẹ dì mú yóò fi máa jó yín lọ́wọ́. Ó tún máa ń bá afẹ́fẹ́ tàbí omi lọ: afẹ́fẹ́ tó fara kan ìkòkò gbígbóná yóò gbóná, yóò fúyẹ́, yóò gòkè lọ pẹ̀lú ooru tó gbà, afẹ́fẹ́ tútù yóò sì wá rọ́pò rẹ̀ láti wá gba tirẹ̀. Ọ̀nà kẹta ni ìtànṣán. Èyí kò nílò ohunkóhun tí yóò gbé e. Bí oòrùn ṣe ń ta sí wa lára láti ojú òfuurufú nìyẹn, òun náà ló sì ń mú kí ojú ẹni tó jókòó ti iná igi máa gbóná bí afẹ́fẹ́ alẹ́ tilẹ̀ tutù lẹ́yìn rẹ̀.

Ní 1892 ni Dewar dí ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó mú ìgò gíláàsì méjì, ó ki ọ̀kan bọ inú èkejì, ó sì jẹ́ kí wọ́n so pọ̀ níbi ọrùn nìkan. Ó wá fa gbogbo afẹ́fẹ́ tó wà láàárín méjèèjì jáde, ó sì fi gíláàsì dí ojú ihò náà pa. Níbi tí kò sí afẹ́fẹ́, kò sí ohun tí yóò gbé ooru, kò sì sí ohun líle tí ooru yóò gbà kọjá àfi ọrùn tín-ín-rín yẹn. Ó ku ìtànṣán. Ó fi fàdákà fẹ́lẹ́ bo ojú gíláàsì tó kọjú sí àlàfo náà, tó fi ń dán bíi dígí ìwojú, ìtànṣán tó bá dé ibẹ̀ a sì yí padà síbi tó ti ń bọ̀. Nígbà tó gbé e síwájú àwùjọ ní Royal Institution, afẹ́fẹ́ olómi tó máa ń hó kíkankíkan jókòó jẹ́ẹ́ nínú ìgò náà, tí àwọn ènìyàn fi ráyè wò ó.

Àwọn kan máa ń béèrè pé báwo ni fúláàsìkì ṣe mọ̀ pé omi gbígbóná ni wọ́n gbé fún òun báyìí, àti pé yìnyín ni wọ́n gbé fún òun lánàá. Kò mọ̀ ọ́n. Bí odi ìlú àtijọ́ ṣe ń dá ará ilé dúró láti jáde, bẹ́ẹ̀ náà ló ń dá ará ìta dúró láti wọlé. Fún ọ́síjìn olómi, ooru yàrá ni kò rí àyè wọlé. Fún omi tíì, ooru omi ni kò rí àyè jáde. Iṣẹ́ ti omi tíì tilẹ̀ rọrùn ju ti Dewar lọ: omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó wà ní 100 °C, yàrá wa sì wà ní bíi 28 °C, nítorí náà ìyàtọ̀ wọn kò ju 72 lọ. Ìgò tó lè kojú ìyàtọ̀ 200 yóò fi omi gbígbóná ṣeré. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, nítorí ibẹ̀ ni owó wà, ibẹ̀ sì ni Dewar kò wò.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí omi gbígbóná fúnra rẹ̀, nítorí ohun ìyanu ni omi. Ooru tó lè mú kílò irin kan gbóná sí i ní ìwọ̀n 9 kò lè ju kí ó mú kílò omi kan gbóná sí i ní ìwọ̀n 1 péré. Ìdí nìyẹn tó fi pẹ́ kí omi tó hó lórí sítóòfù, ìdí nìyẹn náà tó fi pẹ́ kó tó tutù. Lítà omi kan tó tutù láti 100 °C wá sí 20 °C ti tú ooru tó bíi kílójúùlù 335 sílẹ̀, èyí tó tó ohun tí gílóòbù iná oní-wáàtì 60 ń jẹ fún wákàtí kan àbọ̀. Ohun tí fúláàsìkì ń ṣọ́ fún wa láti alẹ́ dé àfẹ̀mọ́jú nìyẹn: fún ìyá ọlọ́mọ tó ń dìde lóru, fún àwọn tó ń jẹ sàárì nínú ààwẹ̀, fún onítíì tó fẹ́ tètè dá oníbàárà lóhùn láàárọ̀ kùtù.

Fúláàsìkì kì í dá ooru, ó kàn ń dá a dúró ni, kò sì lè dá a dúró tán. Ọrùn rẹ̀, níbi tí gíláàsì méjèèjì ti pàdé, àti ìdérí rẹ̀ ni ooru ti ń jò jáde jù. Ìdí nìyí tí kúlà oúnjẹ tó lẹ́nu gbàgbà fi ń tètè tutù ju fúláàsìkì tó lọ́rùn tóóró. Ìdí nìyí pẹ̀lú tí ìlàjì fúláàsìkì fi ń tutù kíákíá: ọrùn tó ń jò kò yí padà, ṣùgbọ́n omi tó ní ooru nínú ti dín kù. Ẹni tó bá fẹ́ kí omi pẹ́ kí ó kọ́kọ́ da omi gbígbóná díẹ̀ sínú fúláàsìkì, kí ó mì ín, kí ó dà á nù, kí ó tó wá rọ omi tó ń hó kún un. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, gíláàsì tútù tó wà nínú ni yóò kọ́kọ́ mu nínú ooru náà. Èyí tó tóbi máa ń pẹ́ ju èyí tó kéré lọ, nítorí bí gíga àti ìbú ìgò bá di ìlọ́po méjì, omi tó ń gbà yóò di ìlọ́po mẹ́jọ, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ tí ooru ń gbà jáde kò ju ìlọ́po mẹ́rin lọ. Bí ìyàtọ̀ ìgbóná bá sì ṣe pọ̀ tó ni ooru ṣe ń yára jáde tó, èyí ló fà á tó fi jẹ́ pé wákàtí àkọ́kọ́ ni omi máa ń pàdánù jù, lẹ́yìn náà a máa rọra tutù. Tí ẹ bá sì fọwọ́ kan ara fúláàsìkì láti ìta tí ẹ bá a tó gbóná, afẹ́fẹ́ ti rí ibì kan wọ àlàfo náà. Kò sí àtúnṣe fún un nílé.

Mo gbọ́dọ̀ sọ èyí fún àwọn ìyá ọlọ́mọ kí n tó kúrò níbẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé omi tí a ó fi po wàrà onípáúdà fún ọmọ ìkókó kò gbọdọ̀ dín sí 70 °C nígbà tí a bá ń pò ó, kí ó lè pa kòkòrò tó bá wà nínú páúdà náà, lẹ́yìn ìyẹn ni a ó mú un tutù dé ibi tí ọmọ lè mu ún. Omi tí wọ́n rọ sí fúláàsìkì lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, tí wọ́n ṣí nígbà mélòó kan, lè ti kọjá ibẹ̀ sísàlẹ̀ kí ó tó di òru, bó tilẹ̀ ń jó ni lọ́wọ́ síbẹ̀. Wàrà tí wọ́n ti pò tán sì burú jù láti fi pamọ́ sínú fúláàsìkì, nítorí ìlọ́wọ́ọ́wọ́ gan-an ni kòkòrò fẹ́ràn láti bí sí i.

Ká padà sọ́dọ̀ Dewar. Bí ìgò rẹ̀ ṣe dára tó, irinṣẹ́ yàrá ìwádìí ló fojú rẹ̀ wò. Ó lò ó láti fi sọ háídírójìn di olómi ní 1898, ní −253 °C, ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣe rí kí ó sì rí i dá dúró nínú ìgò. Orúkọ rẹ̀ kàn káàkiri ilẹ̀ Yúróòpù. Àwọn onímọ̀ yòókù ń lo ìgò rẹ̀, àwọn tó ń fẹ́ gíláàsì sì ń ṣe é fún wọn, kò sì sí ẹni tó ní láti tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ọ̀kan nínú àwọn tó ń fẹ́ gíláàsì yìí ni Reinhold Burger ní Berlin, tí òun àti ẹnìkejì rẹ̀, Albert Aschenbrenner, jọ ń ṣe ohun èlò gíláàsì fún àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì. Burger mọ àléébù ìgò náà nítorí ó ń fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é. Gíláàsì inú rọ̀ mọ́ ti ìta níbi ọrùn nìkan. Bí wọ́n bá gbé e rìn, tó mì díẹ̀, ó lè ṣẹ́. Ó fi àwọn ohun kéékèèké ti àlàfo àárín méjèèjì kí gíláàsì inú má baà máa jù, ó fi páànù wọ̀ ọ́ láṣọ, ó sì sọ ọ́ di ohun tí ènìyàn lè gbé kọ́ èjìká jáde nílé. Ní 1903, ó mú un lọ sí ọ́fíìsì ìjọba Jámánì, ó sì gba pátẹ́ǹtì, ìyẹn ìwé tí ìjọba fi ń sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣe nǹkan náà tà fún iye ọdún kan àfi ẹni tó ni ín. Lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n sọ ọ́ lórúkọ: Thermos. Nígbà tó fi máa di 1907, wọ́n ti ta ẹ̀tọ́ rẹ̀ fún àwọn ilé-iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Canada. Shackleton, olùṣàwárí ilẹ̀ jíjìn, gbé e lọ sí Áńtákítíkà. Peary, olùṣàwárí bíi tirẹ̀, gbé e nígbà tó ń wá òpin ayé níhà àríwá. Àwọn òṣìṣẹ́ ń gbé tíì inú rẹ̀ lọ síbi iṣẹ́.

Ìgbà yìí ni Dewar pe ẹjọ́, tó sì rí ìdáhùn tí mo fi bẹ̀rẹ̀.

Ẹ lè máa sọ lọ́kàn yín pé onímọ̀ ìwé ni, bóyá kò mọ nǹkan kan nípa òfin. Rárá o. Èyí gan-an ló mú kí ìtàn rẹ̀ wúwo lọ́kàn mi. Ní 1889, òun àti Frederick Abel ti gba pátẹ́ǹtì lórí cordite, ẹ̀tù tuntun tí kì í rú èéfín púpọ̀, fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Alfred Nobel, ẹni tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ dá ẹ̀bùn Nobel sílẹ̀, ti ṣe ẹ̀tù tó jọ ọ́ ṣáájú wọn, ó sì ti ṣàlàyé púpọ̀ nínú rẹ̀ fún Abel àti Dewar nígbà tí wọ́n wà nínú ìgbìmọ̀ ìjọba tó ń yẹ ẹ̀tù wò. Ilé-iṣẹ́ Nobel gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí kóòtù. Ó dé ilé-ẹjọ́ tó ga jù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1895, wọ́n sì dá Nobel lẹ́bi, nítorí bí wọ́n ṣe kọ ìwé pátẹ́ǹtì tirẹ̀. Wọ́n ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé irú òwú ẹ̀tù kan tó ń yòrò ni àwọn ń lò. Èyí tí kì í yòrò ni Dewar àti Abel fi ṣe tiwọn. Ọ̀kan nínú àwọn adájọ́ tó gbọ́ ẹjọ́ náà tilẹ̀ káàánú Nobel, ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú ìwé ló dá ẹjọ́.

Nítorí náà, Dewar mọ̀. Láàárín ọdún tó fi ṣe ìgò rẹ̀ náà ni ọ̀ràn cordite ń lọ. Ó ń rí i bí ọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí tákàdá ṣe lè gba ohun ńlá lọ́wọ́ ọkùnrin ọlọ́lá. Lójú mi, ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i ni pé ó mọ iye ẹ̀tù nítorí àwọn ọmọ ogun ló ń bèèrè rẹ̀, ṣùgbọ́n ìgò lásán ni ìgò jẹ́ lójú rẹ̀. Ojú rẹ̀ wà lára ohun tó wà nínú ìgò. Ó ń lé òtútù tó ga jù láyé, ó sì ń bá gbogbo ẹni tó ń lé e pẹ̀lú rẹ̀ jà. Ó bá William Hampson jà lórí bí wọ́n ṣe ń sọ afẹ́fẹ́ di olómi. Ó bá William Ramsay, ẹni tí ìmọ̀ rẹ̀ lórí hílíọ́ọ̀mù, gáàsì tí Dewar ń fẹ́ sọ di olómi, ìbá ṣe é láǹfààní, ṣe ọ̀tá. Ní 1908, Heike Kamerlingh Onnes ní Leiden, nílẹ̀ Netherlands, ló sọ hílíọ́ọ̀mù di olómi ṣáájú rẹ̀, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 1913. Wọ́n dá orúkọ Dewar fún ẹ̀bùn náà lẹ́ẹ̀melòó kan, kò gbà á rí.

Àwọn ará Jámánì yóò sọ pé Dewar fúnra rẹ̀ kọ́ ló kọ́kọ́ ṣe é. Adolf Weinhold, olùkọ́ kan ní Chemnitz, ti kọ̀wé ní 1881 nípa ìgò onígíláàsì méjì tí kò sí afẹ́fẹ́ láàárín rẹ̀. Òótọ́ ni. Irú ìṣòro tí òfin pátẹ́ǹtì ń bá pàdé gan-an nìyẹn. Ta ló kọ́kọ́ ronú kan nǹkan? Ìjà tí kì í tán ni. Ọgbọ́n kan náà lè sọ sí orí ènìyàn mẹ́ta ní ìlú mẹ́ta. Nítorí náà, ohun tí òfin ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ń kà ni ọjọ́ tí ìwé dé ọ́fíìsì.

Ìwé pàápàá ń fẹ́ àbójútó, ì báà jẹ́ ti orúkọ òwò. Ilé-iṣẹ́ Thermos ní Amẹ́ríkà jẹ́ kí gbogbo ènìyàn máa fi orúkọ òwò wọn pe fúláàsìkì èyíkéyìí, wọ́n tilẹ̀ ń fi ṣe ìpolówó lákọ̀ọ́kọ́ pé orúkọ náà ti di ti gbogbo ilé. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ míràn fẹ́ lo orúkọ náà, kóòtù sọ ní 1962 pé ó ti di ọ̀rọ̀ tí gbogbo ènìyàn ń lò, kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sì fọwọ́ sí i ní ọdún tó tẹ̀ lé e.

Wàyí o, kí ni òfin tiwa sọ? Òfin pátẹ́ǹtì Nàìjíríà, èyí tí wọ́n ṣe ní 1970 tó sì wà títí dòní, kò fi ọ̀rọ̀ bo ẹnu. Abala kejì rẹ̀ sọ pé ẹni tó bá kọ́kọ́ fi ìwé ìbéèrè sílẹ̀ ló ni ẹ̀tọ́ pátẹ́ǹtì, yálà òun gan-an ló kọ́kọ́ ṣe nǹkan náà tàbí òun kọ́. Ẹ tún un kà. Ẹni tó ṣe é ní tòótọ́ ní ẹ̀tọ́ kí wọ́n dárúkọ rẹ̀ nínú ìwé náà gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ṣe é, ṣùgbọ́n orúkọ kì í ṣe owó. Bí o bá lè fi hàn pé ọ̀dọ̀ rẹ ni olúwarẹ̀ ti jí ọgbọ́n náà láìgba àṣẹ rẹ, òfin yóò gbà á padà fún ọ. Ẹ̀rí ni wàhálà. Wẹ́dà tó ya ẹ̀rọ rẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú ẹfun, tí oníbàárà mẹ́wàá sì dúró tì í, ta ni yóò pè ní ẹlẹ́rìí?

Ọ̀nà tí àwọn baba wa ń gbà ṣọ́ ọgbọ́n ni kí wọ́n fi pamọ́ sínú ìdílé. Aláró kò sọ ìdí aró fún àjèjì, onísègùn kò dárúkọ ewé lójú ọ̀gbẹ̀rì. Mo bọ̀wọ̀ fún ọ̀nà yẹn, ó ti ṣọ́ ohun iyebíye púpọ̀ fún wa. Ṣùgbọ́n bí ọlọ́gbọ́n bá kú láìsọ, ọgbọ́n bá a lọ. Ohun tí a ń ṣe tà sì ń tú àṣírí ara rẹ̀: ẹni tó bá ti ra fúláàsìkì kan, tó sì tú u wò, ti rí ohun gbogbo tó wà nínú rẹ̀. Irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ kò ṣeé fi pamọ́. Àdéhùn míràn ni pátẹ́ǹtì: o ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ fún ìjọba ní kíkún, ìjọba sì fún ọ ní ogún ọdún tí ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ fi ṣòwò láìgba àṣẹ rẹ, níwọ̀n ìgbà tí o bá ń san owó ọdọọdún. Lẹ́yìn ogún ọdún, ó di ti gbogbo ayé, kò sì sọnù.

Abuja ni ọ́fíìsì tó ń gba irú ìwé bẹ́ẹ̀ wà, lábẹ́ ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí òwò. Wọn kì í yẹ̀ ẹ́ wò bóyá nǹkan náà jẹ́ tuntun ní tòótọ́. Ìwé tó pé ni wọ́n ń wò, ìwọ lo sì ni ewu tó bá tẹ̀yìn rẹ̀ yọ bí ẹlòmíràn bá wá fi hàn lọ́jọ́ iwájú pé kì í ṣe tuntun. Nítorí náà, ó yẹ kí ẹni tó ṣe nǹkan tuntun wá agbẹjọ́rò tó mọ iṣẹ́ náà, kí wọ́n jọ kọ àlàyé rẹ̀ dáadáa, kí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Nobel má baà ṣẹlẹ̀ sí i. Kí ó sì lọ kí ó tó gbé e síta, nítorí ohun tí àwùjọ ti rí kì í ṣe tuntun mọ́ lójú òfin, ì báà jẹ́ ìwọ fúnra rẹ lo fi hàn wọ́n. Ìpàtẹ àgbáyé tí ìjọba fọwọ́ sí nìkan ni òfin yọ sílẹ̀: bí o bá fi iṣẹ́ rẹ hàn níbẹ̀, oṣù mẹ́fà lo ní láti fi ìwé ránṣẹ́. Ìpàtẹ ilé-ìwé kò sí nínú rẹ̀. Bàsáà ṣọ́ọ̀ṣì kò sí nínú rẹ̀. Fídíò tí ọ̀rẹ́ fi inú dídùn yà, tó sì gbé sórí Facebook kí ayé lè bá ọ yọ̀, kò sí nínú rẹ̀ pẹ̀lú.